Ṣé Ẹni Tí Kò Gbọ́ Morse Kò Gbọdọ̀ Sọ̀rọ̀ Lórí Afẹ́fẹ́?

Kí GSM tó dé sí Nàìjíríà lóṣù Kẹjọ ọdún 2001, wáyà ni ìròyìn kánjúkánjú ń bá rìn. Láti ọdún 1886 ni okùn abẹ́ òkun ti so Èkó mọ́ London. Nígbà tí réluwè gba Ifọ̀ kọjá lọ sí Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, òpó wáyà bá irin rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ifọ̀ náà sì ni ojú irin ti wá yà sí ọ̀nà Ìlaròó àti Ìdógò. Ìró kúkúrú àti gígùn tí wọ́n ń fi ìka tẹ̀ nídìí wáyà wá láti ọwọ́ Samuel Morse àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Washington sí Baltimore ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 1844. Wáyà ti kógbá sílé, ṣùgbọ́n àríyànjiyàn kan ṣẹ́ kù lórí Morse láàárín àwọn tí ayé ń pè ní ham, ìyẹn àwọn tó ń fi rédíò tiwọn bá ará ibòmíràn sọ̀rọ̀ láti ilé, tí wọn kò gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣé ó tọ́ kí ìjọba sọ pé ẹni tí kò bá mọ Morse kò ní gba ìwé àṣẹ? Láti ọdún 2003 ni òfin àgbáyé ti fi ìpinnu yìí sílẹ̀ fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Àwọn méjì tí mo fi ọ̀rọ̀ náà sí lẹ́nu nísàlẹ̀ yìí, àròsọ ni wọ́n: bàbá kan ní Ifọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì nídìí wáyà réluwè, àti obìnrin kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì ní Mowe. Ibi tí èmi fúnra mi dúró sí kò ní pẹ́ hàn.

BÀBÁ: Tíṣà, afẹ́fẹ́ kì í ṣe ilẹ̀ tí èèyàn rà tó sì mọ fẹ́ǹsì yí ká. Bí ẹnì kan bá jókòó ní Ibafo tó tan ẹ̀rọ rẹ̀ sórí ìgbì 7 MHz lálẹ́, wọ́n lè gbọ́ ọ ní Accra, wọ́n lè gbọ́ ọ ní London. Ohùn ẹyọ ẹnì kan gba orí òrùlé àìmọye èèyàn kọjá, kò sì tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn. Ohun tó tóbi tó báyìí, a kì í gbé e fún ẹni tó kàn ṣàdédé nífẹ̀ẹ́ sí i. Ó yẹ kó kọ́kọ́ fi sùúrù rẹ̀ hàn. Ìpàdé àgbáyé tó wáyé ní Washington lọ́dún 1927 ló kọ ọ́ sínú òfin pé oní-rédíò àdáni gbọ́dọ̀ lè fi Morse ránṣẹ́, kó sì lè fi etí gbà á. Ìpàdé Geneva ọdún 2003 ló tó yọ ọ́ kúrò. Ọdún 76 gbáko! Òfin tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, tí orílẹ̀-èdè ńlá àti kékeré ń tẹ̀ lé, mi ò gbà pé ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ni. Ẹni tó fi oṣù mélòó kan jókòó ti ìró yẹn títí tí etí rẹ̀ fi là sí i kò ní fi ìwé àṣẹ rẹ̀ ṣeré.

TÍṢÀ: Ẹ ṣeun, Bàbá. Mo fara mọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ yín: gbogbo wa la ni afẹ́fẹ́, ó sì yẹ kí wọ́n dán èèyàn wò kó tó dá sí i. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká bi òfin yẹn léèrè ohun tó bí i. Nígbà tí ọkọ̀ Titanic rì lọ́dún 1912, Morse ni ọkọ̀ ojú omi fi ń ké gbàjarè. Ọkọ̀, téṣàn ìjọba, ológun àti àwọn tó ń fi rédíò ṣeré nílé jọ ń fara gbún ara wọn lórí afẹ́fẹ́ ni. Bí ọkọ̀ kan bá wà nínú ewu, ẹni tó jókòó sílé gbọ́dọ̀ dá igbe SOS mọ̀ bó bá gbọ́ ọ, ó sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sí i pé kó dákẹ́. Ohun tí òfin náà ń ṣọ́ nìyẹn: ẹ̀mí ẹlòmíràn. Kì í ṣe sùúrù ló ń wá kiri. Nígbà tó di ọdún 1997, ilẹ̀ Faransé dágbére fún Morse lójú òkun. Nígbà tó sì di ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 1999, òfin àgbáyé kó àwọn ọkọ̀ ojú omi ńlá sórí sátẹ́láìtì àti ẹ̀rọ tó ń dá ké gbàjarè fúnra rẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sí òfin àgbáyé kan tó ní kí ọkọ̀ kan fi Morse pe ẹnikẹ́ni. Ìdí òfin ti kú, òfin nìkan ló dá dúró, ó sì lo ọdún mẹ́rin sí i kí wọ́n tó sin ín. Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì. Àwọn tó ṣòfin lọ́dún 1927 kì í ṣe òmùgọ̀, sà. Àwa tí a bá di ọgbọ́n wọn mú lẹ́yìn tí ohun tó bí i ti lọ ni orúkọ yẹn máa bá mu.

BÀBÁ: Ìdí kan lo mú, o fi èkejì sílẹ̀. Ohùn èèyàn lórí ìgbì kúkúrú ń gba àyè tó tó nǹkan bí 2,500 Hz. Ìró Morse kò gbà ju bí 150 lọ. Agbára tí ohùn ń fọ́n ká, Morse ń kó o jọ sójú kan, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ wátì márùn-ún tí bátìrì ọ̀kadà ń gbé fi lè sọdá òkun lọ́jọ́ tí ohùn kò lè dé ibì kankan. Wá wo ìlú tí à ń gbé. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Côte d'Ivoire, àwọn báńkì wa sì ń wo ojú ara wọn. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, ìjọba pa nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ní Zamfara nítorí àwọn agbébọn. Bí odò Ògùn bá kún, tí wọ́n sì tú omi sílẹ̀ láti ìsédò Ọ̀yán, àwọn ará Ìṣẹrì, Warewa àti ẹ̀yìn Ibafo ló máa ń jí bá a nínú ilé. Másìtì tí díṣẹ́ẹ̀lì rẹ̀ bá tán kò ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mọ Morse ló kù. Jeremiah Denton, ológun Amẹ́ríkà tí wọ́n mú ní Vietnam, ṣẹ́jú ní Morse níwájú kámẹ́rà àwọn tó mú un lọ́dún 1966, ó sì fi sọ fún ayé pé wọ́n ń dá òun lóró. Ohun tó wúlò fún ìlú tó báyìí, kí ló dé tí ìjọba kò ní fi ṣe dandan?

TÍṢÀ: Gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn ló jóòótọ́, mi ò ní jiyàn. Ohun tí mò ń wò ni bí ẹ ṣe fò kúrò lórí “ó wúlò” tí ẹ sì bọ́ sórí “dandan ni”. Ẹ jẹ́ ká wo ìdánwò náà fúnra rẹ̀ bóyá ó ń mú irú ẹni tí ẹ fẹ́ jáde. Ní Amẹ́ríkà, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwé àṣẹ àárín ń béèrè ọ̀rọ̀ 13 ní ìṣẹ́jú kan, èyí tó ga jù ń béèrè 20. Lọ́dún 2000 wọ́n já gbogbo rẹ̀ wá sí ọ̀rọ̀ márùn-ún, kí wọ́n tó wá pa á rẹ́ pátápátá ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 2007. Ẹ ṣírò ọ̀rọ̀ márùn-ún yẹn, sà. Ìpè fún ìrànwọ́ tó ní ọ̀rọ̀ 50 máa gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìyẹn bí ẹni tó ń gbà á kò bá ṣì í gbọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ṣé ẹni yẹn la máa gbójú lé nígbà tí omi ti dé orúnkún? Bí ẹ bá sì gbé e lọ sí 20, níbi tó ti máa wúlò lóòótọ́, ẹ ti ti ọ̀pọ̀ èèyàn síta. Bó bá rọrùn, kò mú àǹfààní tí ẹ ń sọ wá. Bó bá sì mú un wá, àwọn díẹ̀ ló máa wọlé. Ibi tí ìjàm̀bá ti ṣẹlẹ̀ gan-an tún ń sọ tiẹ̀. Lẹ́yìn ìjì Maria ní Puerto Rico lọ́dún 2017, Red Cross bẹ ẹgbẹ́ àwọn ham Amẹ́ríkà pé kí wọ́n wá èèyàn 50 fún àwọn, ara iṣẹ́ tí wọ́n sì ṣe ni fífi orúkọ àwọn tó wà láàyè ránṣẹ́ sí ẹbí wọn lórí Winlink, lẹ́tà kọ̀ǹpútà tí rédíò ń gbé. Lọ́dún 2017 yẹn kan náà ni Joe Taylor, ọ̀mọ̀wé tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1993, àti Steve Franke gbé FT8 jáde, tí kọ̀ǹpútà fi ń gbọ́ ìró tí etí èèyàn kò lè mú nínú ariwo.

Ẹni méjì ló sì ń sọ Morse, Bàbá. Bí ọ̀dọ́ kan ní Ibafo bá tilẹ̀ mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní Owódé tó yẹ kó gbọ́ pé omi ti dé ńkọ́? Lẹ́tà Morse tí gbogbo ayé fọwọ́ sí kò ní àmì fún ẹ, ọ àti ṣ, kò sì ní ibi tí ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ máa wọ̀ sí. Gẹ̀ẹ́sì ló bá a lára mu. Ẹ má sì fi dùndún wé e, nítorí ohùn èdè wa gan-an ni dùndún ń gbé. Rédíò tó ń gbé ohùn lè sọ fún ìyá àgbà kan ní èdè rẹ̀ pé kó kúrò nílé nísinsìnyí. Bí ìlú bá máa fi ohun kan ṣe dandan nítorí omíyalé, mo rò pé ó yẹ kó jẹ́ ohun tí ìlú lè gbọ́.

Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí gbà pé ibí yìí ni ẹsẹ̀ Bàbá ti yẹ̀. Ohun tó kù fún un kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ mọ́, ọ̀rọ̀ ìwà ni, ibẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ náà sì ti wúwo. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbèjà Morse, irú èèyàn tó máa gba ẹnu ọ̀nà wọlé ló ń bà wọ́n lẹ́rù, bí wọ́n tilẹ̀ ń fi Hz àti wátì bò ó mọ́lẹ̀.

BÀBÁ: Ó dáa, ẹ̀rù ìwà ni. Kí ló burú níbẹ̀? Ní nǹkan bí ọdún 1975 sí 1980, rédíò kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní CB. Ẹni tó bá ti kọ fọ́ọ̀mù ti gba ìwé àṣẹ, kò sí ìdánwò. Afẹ́fẹ́ kún fún ariwo àti èébú, ọ̀pọ̀ èèyàn kò tilẹ̀ kọ fọ́ọ̀mù mọ́, títí ìjọba fi pa ìwé àṣẹ náà tì lọ́dún 1983. Ibi tí ilẹ̀kùn gbayawu máa ń gbéni dé nìyẹn. Tiwa ńkọ́? Wọkitọ́kì olówó pọ́ọ́kú wà lórí káńtà ní Alábà àti Computer Village, ó sì lè sọ̀rọ̀ sórí ìgbì tí kì í ṣe ti ẹni tó rà á. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tó gba iwájú ilé rẹ kọjá yìí, ṣé àwọn ajínigbé kò tíì fojú àwọn arìnrìn-àjò rí màbo níbẹ̀ ni? Ohun tí a bá làágùn fún là ń ṣìkẹ́. Ìwọ fẹ́ kí wọ́n mú òógùn kúrò, kí ìwà sì dúró.

TÍṢÀ: Ajínigbé kì í wá jókòó ṣe ìdánwò, sà, ti Morse tàbí ti ohunkóhun. Orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba fi ń mọ ẹni tó fún láṣẹ, inú fọ́ọ̀mù ló wà. Ní ti CB, ìdánwò kankan kò sí níbẹ̀ rárá, ẹ̀yin náà ti sọ ọ́. A kò lè fi ẹni tí wọn kò bi ní nǹkan kan ṣe ẹ̀rí lòdì sí ẹni tí wọ́n bi ní ohun gbogbo àfi Morse. Ẹ̀rí tó ṣe é fi wé wà nílẹ̀. Lọ́dún 1964, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ìwé àṣẹ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Class B: ìdánwò ìmọ̀ ẹ̀rọ kan náà, Morse kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n orí ìgbì tó ga nìkan ni wọ́n gbà wọ́n láyè dé. Amẹ́ríkà ṣe irú rẹ̀ lọ́dún 1991. Fún bí ogójì ọdún ní Ìlú Ọba, ẹni tó mọ Morse àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n jọ ń rìn lórí ìgbì kan náà. Bí ó bá jẹ́ pé àìmọ Morse ló ń sọ èèyàn di onísọkúsọ, ibẹ̀ ni ìjọba ìbá ti rí i. Ohun tí ìjọba náà ṣe ni pé ó ń fẹ ààyè wọn lójú, nígbà tó sì di oṣù Keje ọdún 2003, ó ṣí ìgbì kúkúrú náà sílẹ̀ fún wọn.

Ọmọ iṣẹ́ mọkáníìkì tó fi ọdún kan pọn omi sílé ọ̀gá lè kọ́ sùúrù lóòótọ́, àmọ́ omi pípọn kò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tú ẹ́ńjìnnì. Bó bá di ọ̀gá tán, ó lè fẹ́ kí ọmọ tó wà lọ́dọ̀ òun náà pọn tirẹ̀. Mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tiyín, Bàbá, ṣùgbọ́n òfin ìlú kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ìyà náà kò sì dọ́gba lára. Morse fẹ́ àtúnṣe lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó sì fẹ́ ẹni tí èèyàn máa bá ṣe é. Níbi tí ẹgbẹ́ ham bá ti pọ̀, èyí kò le púpọ̀. Ẹni tó ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí ní Mowe láti lọ síṣẹ́ l'Ékòó, tó ń ti inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bọ̀ lálẹ́, ibo ló ti máa rí wákàtí náà, ta ló sì máa jókòó tì í? Adití ńkọ́? Etí ni ìdánwò yẹn ń dán wò. Adití lè fi kọ̀ǹpútà kọ̀wé ránṣẹ́ lórí rédíò kó má sì yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, ṣùgbọ́n òfin àtijọ́ máa tì í síta nítorí ohun tí kò ní lò láé. Ìjọba lẹ́tọ̀ọ́ láti fi nǹkan du èèyàn bí fífún un bá máa pa ẹlòmíràn lára. Èwo ni ẹni tí kò mọ Morse fẹ́ pa lára?

BÀBÁ: O ti sọ ti ẹni tí kò ní àkókò; ẹni tí kò lówó ńkọ́? Ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn dé òkèèrè wọ́n. Ẹ̀rọ Morse, ọmọ tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi sódà jó wáyà pọ̀ lè kàn án fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀nba nǹkan inú rédíò tó ti bàjẹ́. Ọ̀nà tálákà nìyẹn. Bí òfin kò bá béèrè rẹ̀ mọ́, kò ní sí ẹni tó máa kọ́ ọ, kò ní sí ẹni tó máa kọ́ni, ọ̀nà yẹn á dí. Àwa tó mọ̀ ọ́n nídìí réluwè ń lọ sílé lọ́kọ̀ọ̀kan.

TÍṢÀ: Ẹ̀rí yìí ló tó jù nínú gbogbo ohun tí ẹ ti sọ, ó sì wọ̀ mí lára. Bí ó bá jẹ́ pé òfin nìkan ló gbé Morse ró, ó yẹ kó ti kú láti ọdún 2007. Kò kú. Ẹni tó bá tan rédíò sí ìsàlẹ̀ ìgbì 7 MHz lálẹ́ òní máa gbọ́ wọn bí ẹyẹ ìdájí. Lọ́dún 2014, ilẹ̀ Jámánì kọ ọ́ sínú ìwé àwọn àṣà tí orílẹ̀-èdè náà ń tọ́jú. Lọ́dún 2018, Google fi í sínú bọ́tìnnì ìkọ̀wé fóònù kí àwọn tí ọwọ́ àti ẹnu wọn kò ṣiṣẹ́ dáadáa lè fi kọ̀wé. Àwọn ẹgbẹ́ ń kọ́ni lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ń kọ́ ọ nísinsìnyí fẹ́ràn rẹ̀ ni. Ẹni tí òfin fipá mú lè yege lónìí kó sì gbàgbé rẹ̀ lọ́la. Ọ̀nà tálákà tí ẹ sọ ṣì ṣí sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò tì í. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ àwọn ham wa, tí orúkọ ìpè wọn ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N, wá kọ́ ọ ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ifọ̀, èmi náà á mú àwọn ọmọ mi wá.

Bí ẹ bá sì fẹ́ bọ̀wọ̀ fún ọgbọ́n ọdún 1927, ẹ béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ òde òní ohun tí wọ́n béèrè nígbà náà: ṣé o mọ ìgbà tó yẹ kí o dákẹ́? Ìgbì tí àwọn bàálù tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní Ìkẹjà ń lò bẹ̀rẹ̀ níbi tí FM parí sí, ní 108 MHz, ó sì lọ dé 137. Ìgbì àwọn ham tó sún mọ́ ọn jù lọ bẹ̀rẹ̀ ní 144. Ẹni tí kò mọ bí ẹ̀rọ tí wọn kò tún ṣe dáadáa ṣe ń ya wọ ilé onílé lè fi ẹ̀mí èrò inú bàálù wewu, ìmọ̀ Morse rẹ̀ kò sì ní gbà wọ́n. Ẹ bi í bí wọ́n ṣe ń gbé òpó eríà jìnnà sí wáyà iná NEPA. Ẹ bi í bí wọ́n ṣe ń gbé ìròyìn omíyalé lẹ́nu ẹnì kan dé etí ẹlòmíràn láìbù kún un. Kí ẹni tó bá fẹ́ sì dáhùn ní Yorùbá.

BÀBÁ: Ti ìgbì bàálù yẹn, mo gbà. Àmọ́ ẹni tí ìlú bá yàn sídìí rédíò ìjàm̀bá, tó máa wà níbẹ̀ nígbà tí gbogbo nǹkan bá dákẹ́, mo ṣì ń sọ pé ó gbọ́dọ̀ mọ Morse.

TÍṢÀ: Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀ nígbà náà, sà, bí àwọn tó gbà á síṣẹ́ bá rí i pé ó yẹ. Iṣẹ́ yàtọ̀ sí ìwé àṣẹ.

Tíṣà ló jàre. Ohun tí Bàbá dì mú gbẹ̀yìn yẹn kò ta ko ọ̀rọ̀ rẹ̀ rárá. Ó kàn gbé Morse lọ sí ibi tó ti wúlò. Bí NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, bá tún ń ṣàtúnṣe sí ìlànà ìdánwò àwọn ham, kí wọ́n fi Morse sílẹ̀ fún ẹni tó bá wù, kí wọ́n sì mú ìbéèrè ìgbì bàálù, òpó eríà àti ìròyìn ìjàm̀bá le sí i. Ẹ̀yin tí ẹ sì ti ra wọkitọ́kì sílé ní Mowe, Ibafo tàbí Ifọ̀, tí ẹ kò tíì gba ìwé àṣẹ kankan, ẹ ní sùúrù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tẹ bọ́tìnnì ìsọ̀rọ̀ títí ẹ ó fi gbà á.